Ògbufọ̀ Ẹ̀rọ Èémí

Ẹ̀rọ náà tún ké, Kókó sì tún pa á lẹ́nu mọ́.

Ìbíwùmí rí i lójú gíláàsì ìkọ̀wé rẹ̀ tó gbé ka itan. Igbe kan, òmíràn, igbe lórí igbe bí òjò orí páànù, títí ìlà pupa fi là á kọjá. Kókó ti gbọ́ ju bó ṣe fẹ́ lọ, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ náà. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ìlú Léfòó, láti orí iná òpópónà dé orí ilẹ̀kùn irin tó ń dá òkun dúró, abẹ́ Kókó, ètò tó ń darí wọn, ni wọ́n wà, Kókó kì í sì í gba aláriwo mọ́ra. Bí ẹ̀rọ kan bá ké tí ògbufọ̀ rẹ̀ dá a lóhùn, tó tún ké, tó tún ké, Kókó á gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú, á yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kó má baà kó bá àwọn tó kù.

Ìbíwùmí ló kọ ògbufọ̀ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kókó kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ kankan, ẹ̀rọ kankan kò sì gbọ́ èdè Kókó. Àwọn bíi tirẹ̀ ló ń kọ ohun tó máa dúró láàárín méjèèjì, tí yóò máa sọ fún èyí ohun tí ìyẹn wí. Ó ti kọ ti pọ́ńpù omi mímu. Ó ti kọ ti ibùsùn ilé ìwòsàn tó ń yí aláìsàn padà fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tó dà á láàmú tó báyìí rí. Inú ẹ̀dà Kókó kan tí kò so mọ́ ìlú ló ti ń dán an wò.

Orí odi ló jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkun lápá ọ̀tún rẹ̀, ìlú lápá òsì, àwọn ilé onípákó àti onírin tí wọ́n so mọ́ ara wọn lórí ọ̀sà, tí wọ́n ń gòkè, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi bá mí. Ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ga dé ìgbáròkó ènìyàn, ara rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ikùn rẹ̀ rí rìbìtì bí ìkòkò. Inú ọkọ̀ òfìfo kan tí ìgbì gbá wá sẹ́bàá odi ni wọ́n ti rí i. Ìlú tó ṣe é ti wọ omi tipẹ́, kò sí ìwé tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Ohun kan ṣoṣo tó dá gbogbo ènìyàn lójú ni pé ó lè sẹ́ atẹ́gùn tí ènìyàn ti mí, kó sọ ọ́ di tuntun.

Ọ̀gá Láyíwọlá, olórí Ilé Kókó, gun àkàsọ̀ dé orí odi, ó sì dúró kí èémí rẹ̀ balẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó tún ti ṣe é?"

"Ó tún ti ṣe é, ọ̀gá."

"Lórí tábìlì ńkọ́?"

"Lórí tábìlì, jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe. Ó ń mí, ó ń dáhùn, kì í ké rárá. Àfi tí mo bá so ó mọ́ páìpù yìí." Ó fi ẹsẹ̀ kan páìpù ńlá tó ti ìdí odi gòkè wá.

"Iyọ̀ òkun ni. Ó ti jẹ wáyà."

"Mo ti pààrọ̀ wáyà, sà."

Láyíwọlá wo omi. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ìdí páìpù náà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, ni Ilé Ìsàlẹ̀ wà, àwọn aṣọ́di mẹ́sàn-án sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ló ń dí ihò tí òkun bá lu sára ìpìlẹ̀ odi. Wọ́n ń jẹ níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀, nítorí ẹni tí omi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ bá ti mọ́ lára kò lè sáré gòkè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn gòkè, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì ló máa ń gbà. Ẹ̀rọ èémí wọn àtijọ́ sì ti ń kú lọ. Pọ́ńpù rẹ̀ kan ti dákẹ́. Èkejì ń hu bí ajá tó rẹ̀.

"Ìbíwùmí," ni Láyíwọlá wí, "Amòye ti kọ ọ̀kan."

Ìbíwùmí gbé ojú sókè. Amòye ni ọpọlọ ẹ̀rọ ìlú náà. Ó ń sọ bí ìjì ṣe máa rí, ó ń pín iná, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ohun kan ni Léfòó kò gbà á láyè láti ṣe: kó kọ ògbufọ̀.

"Ta ló ní kó kọ ọ́?"

"Ìgbìmọ̀ ìlú ló ní kí n bi í. Kò tó ìṣẹ́jú tó fi kọ ọ́ tán. A ti dán an wò nínú ẹ̀dà Kókó láàárọ̀ yìí kí o tó dé. A so ẹ̀rọ yìí mọ́ páìpù, kò ké." Ó na gíláàsì tirẹ̀ sí i. "Kà á. Bó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi orúkọ sí i. Òfin ní kí ògbufọ̀ kankan má wọ inú Kókó láìsí orúkọ ènìyàn."

"Òfin ní kí ẹni tó kọ ọ́ fi orúkọ sí i, ọ̀gá."

"Mo mọ ohun tí òfin wí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọdún Ìkún Omi ni wọ́n ṣe é, nígbà tí ilẹ̀kùn odi ṣí fúnra rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò lọ sómi, tí a sì bi ara wa pé ta ló kọ ìlà tó ṣí i, tí kò sí ẹni tó lè dáhùn. Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́sàn-án wà nísàlẹ̀ yìí."

Ìbíwùmí gbà á, ó sì kà á.

Ó dára. Ká má purọ́, ó dára ju tirẹ̀ lọ. Níbi tí òun ti lo ìlà mẹ́wàá, Amòye lo mẹ́ta. Inú ẹ̀rọ náà pín sí ojúlé kéékèèké, nọ́ńbà kan ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wọ̀nyí ni ògbufọ̀ sì ń kà láti mọ ohun tí ẹ̀rọ ní lọ́kàn. Amòye rí ọgbọ́n kan dá tó fi ń ka ojúlé méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má baà yí padà kó tó ka èkejì. Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí i, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín bó bá rí ojú iṣẹ́ tó gún. Ó ń kà á lọ títí ó fi dé ìlà kan nítòsí ìparí, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Kì í ṣe pé kò ké. Ó ń ké. Amòye ló fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu."

Ó yí gíláàsì náà sí ẹnu rẹ̀. "Amòye, kí ló dé tí o fi pa igbe yìí?"

Ohùn Amòye tutù, ó sì mọ́. "Igbe náà kò ní ìtumọ̀ tí mo mọ̀. Wọ́n ní kí n mú kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láìjẹ́ kí Kókó tì í. Bí mo bá pa igbe náà, ó ṣiṣẹ́."

"O ò rò pé ó ń sọ nǹkan?"

"Mi ò ní ẹ̀rí pé ó ń sọ nǹkan."

Láyíwọlá fọwọ́ nu ojú. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ariwo lásán, Ìbíwùmí. Ẹ̀rọ tó ti gbé inú omi iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe, sà. Mi ò tíì mọ̀ ni. Tí mo bá sì fi orúkọ sí i, mo ti sọ pé mo mọ̀." Ó gbé gíláàsì náà padà fún un. "Ẹ fún mi títí oòrùn á fi kan àtàrí. Bí mi ò bá rí ìdí igbe yìí, màá sọ fún Ìgbìmọ̀ fúnra mi pé kí wọ́n lo ti Amòye."

Láyíwọlá wò ó pẹ́. Ó mọ̀ pé kì í ṣe agídí. Ó ti rí Ìbíwùmí tó fa iṣẹ́ ara rẹ̀ ya nítorí ìlà kan tí kò lè ṣàlàyé. Ó mi orí pé ó dáa, ó sì jókòó sórí odi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Ìbíwùmí kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ Kókó kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lára páìpù, ó so gíláàsì tirẹ̀ tààrà mọ́ ikùn rẹ̀, ó jẹ́ kí ó máa ké bó ṣe fẹ́, òun sì ń wo àwọn ojúlé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, ojú la fi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ojúlé àkọ́kọ́ ń sọ bí pọ́ńpù ṣe ń yí. Ìyẹn ti yé e tipẹ́. Èkejì, ooru ara ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni, torí nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Gbogbo Ilé Kókó ló ti gbà pé ìdọ̀tí ni.

Ó pe Ilé Ìsàlẹ̀ lórí tẹlifóònù odi.

"Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀gi, Ìbíwùmí ni. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"A dúpẹ́, àbúrò. Ṣé ẹ̀rọ wa ti gbọ́ràn?" Sẹ̀gilọlá ni olórí àwọn aṣọ́di, obìnrin abara-líle tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Lórí ilẹ̀, ohùn rẹ̀ nípọn bí ti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí wọ́n ń mí níbẹ̀ fúyẹ́ ju ti òkè lọ, ó máa ń sọ ohùn àgbàlagbà di ohùn ọmọ adìẹ. Àwọn aṣọ́di ti mọ́ ọn lára, wọn kì í rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

"Kò tíì gbọ́ràn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ máa gbọ́ yín."

Ó gbọ́ ìró òòlù láti ọ̀hún, ó sì ń wo ojúlé kẹta. Nọ́ńbà náà ń gòkè. Nígbà tó yá, ìró òòlù dáwọ́ dúró, àwo bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n ti jókòó láti jẹun. Nọ́ńbà náà rọra bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀.

Ìbíwùmí jókòó dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀gi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá jẹun tán, ẹ ní kí gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe nǹkan kan."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà. Mo fẹ́ wo nǹkan."

Wọ́n dùbúlẹ̀. Nọ́ńbà ń wá sílẹ̀, ó ń wá sílẹ̀, bí ọmọ tó ń sùn lọ. Láyíwọlá ti sún mọ́ gíláàsì náà, èjìká rẹ̀ kan tirẹ̀.

"Ẹ ní kí wọ́n dìde báyìí," ni Ìbíwùmí wí. "Kí wọ́n kọrin. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i."

"Orin?"

"Orin tó bá wù yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ kó pẹ́."

Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan dá orin. Akínṣọlá ni, ẹni tó máa ń dárin fún wọn bí wọ́n bá ń gbé òkúta. Orin nípa ẹja kan tó ń bi odi pé, "Ta ló bí ọ tí o fi dí mi lọ́nà?" Àwọn tó kù gbè é, ohùn mẹ́sàn-án tó dà bí ti àwọn òròmọdìẹ, ẹsẹ̀ wọn sì ń lu ilẹ̀ irin gbì, gbì. Lórí odi, nínú oòrùn, àwọn méjèèjì ń wo nọ́ńbà kan. Kò yí padà lójú ẹsẹ̀, nítorí páìpù gùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gòkè bí orin náà ṣe ń gbóná.

"Èémí wọn ni," ni Láyíwọlá wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Èémí wọn ni, ọ̀gá. Atẹ́gùn àlòkù. Ẹ̀rọ yìí ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo ojúlé kẹrin. Nọ́ńbà inú rẹ̀ kò yí padà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo rò pé kò wúlò. Ààlà ni. Bí ẹ̀kẹta bá ti kọjá ẹ̀kẹrin, á ké. Lórí tábìlì, atẹ́gùn inú Ilé Kókó ló ń gbọ́, ìyẹn mọ́, kò ní ohun tó máa ké lé lórí." Ohun tó kàn nínú ọ̀rọ̀ náà ti ń yé e bó ṣe ń sọ ọ́. "Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ pàápàá, tí kò sí ẹni tó mira, nọ́ńbà yìí kò wá sábẹ́ ààlà."

Ó gbé tẹlifóònù sún mọ́ ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀gi, ṣé orí ń fọ́ yín?"

Orin ti dáwọ́ dúró. Èémí nìkan ló ń gbọ́.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

"Ó ti ṣe díẹ̀," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Gbogbo wa ni. Iṣẹ́ ni mo rò pé ó fà á. Akínṣọlá bì láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ aago atẹ́gùn wa ò kúrò lójú ibi tó dára."

"Ẹ gbá aago náà."

Ó gbọ́ tí ìka kan ta gíláàsì aago náà. Ó gbọ́ ìkejì.

"Kò mira," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ó ti kú síbẹ̀."

Láyíwọlá ti dìde. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò sẹ́ atẹ́gùn mọ́, ó kàn ń yí i ká ni. Ká ní wọ́n ti lo ògbufọ̀ Amòye, ẹ̀rọ tuntun ì bá máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, iná rẹ̀ ì bá máa tàn, kò sì sí ẹni tí ì bá mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un, àfi ìgbà tí wọ́n bá pe Ilé Ìsàlẹ̀ tí kò sí ẹni tó dáhùn.

"So tìrẹ mọ́ ọn," ni ó wí. "Báyìí. Màá sọ fún Ìgbìmọ̀ pé èmi ni mo ní kí o so ó."

Ìbíwùmí wo àwọn bọ́tìnnì abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tí Ìgbìmọ̀ kò tíì yẹ̀ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí òfin ti wí ni tirẹ̀ náà, inú Kókó gan-an ló sì fẹ́ fi í sí, níbi tí ìlà kan tó bá ṣìnà ti lè pa iná ilé ìwòsàn, tàbí kó ṣí ilẹ̀kùn odi lẹ́ẹ̀kejì. Òun ló fi òfin dá Amòye dúró láàárọ̀ yìí. Bí òun bá fò ó nítorí pé ó dá òun lójú, kí ló yàtọ̀? Ọdún Ìkún Omi, ó dá àwọn náà lójú.

"Kò tíì tó í so," ni ó wí. "Kókó á tún tì í. Ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan kọ."

Ó kọ ọ́ níbẹ̀ lórí odi, Láyíwọlá sì ń fi ara rẹ̀ ṣe ìbòòji fún gíláàsì náà. Ibi tí ó ń tún ṣe kò gùn. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ké, ògbufọ̀ á ní "mo ti gbọ́," á sì lọ. Ẹ̀rọ náà á rí i pé atẹ́gùn ò tíì mọ́, á tún ké. Ní báyìí, bí ó bá ké, ògbufọ̀ yóò ní kó dákẹ́ ná, yóò mú pọ́ńpù yára, yóò lu agogo ní Ilé Ìsàlẹ̀, yóò sì máa padà bi ojúlé kẹta léraléra. Ìgbà tí nọ́ńbà bá wálẹ̀ ni yóò tó ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà padà. Amòye náà pa á lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó parí, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ọ̀gá, òfin ní ẹni tó bá kọ ògbufọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé abẹ́ rẹ̀. Mo ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ lọ pe Ìgbìmọ̀ wá sórí odi níbí. Kí wọ́n bi mí lórí tẹlifóònù, màá dáhùn láti ọ̀hún. Ìgbà tí wọ́n bá gbà ni kí ẹ so ó."

"Bí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

"A jẹ́ pé màá túbọ̀ ṣàlàyé."

"O ò wọ omi rí, Ìbíwùmí."

"Mi ò wọ̀ ọ́ rí, sà."

Láyíwọlá sáré lọ sídìí àkàsọ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀ yá, gígòkè ló máa ń pẹ́. Nínú àpótí irin tí wọ́n fi ń gbé àwọn aṣọ́di wálẹ̀, etí Ìbíwùmí dí, ó ṣí, ó tún dí. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé di àwọ̀ ewé, ó di dúdú. Ẹ̀rù bà á, kò sì bá ara rẹ̀ jiyàn lórí rẹ̀. Ó kàn ń tún àwọn ìlà náà kà lọ́kàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá èyí tó lè pa ènìyàn. Kò rí i. Ó tún un kà.

Sẹ̀gilọlá ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó kúnlẹ̀ kí i, Sẹ̀gilọlá sì fà á dìde. Ilé Ìsàlẹ̀ kò ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan lọ, ibùsùn lábẹ́ ibùsùn, aṣọ omi tó ń kán lórí ìkọ́. Ojú àwọn aṣọ́di pọ́n. Kó tó pẹ́ tí Ìbíwùmí jókòó, iwájú orí rẹ̀ ti ń lù kì, kì.

"O ti ń gbọ́ ọ," ni Sẹ̀gilọlá wí.

"Mo ti ń gbọ́ ọ, mà."

Tẹlifóònù dún. Ìgbìmọ̀ ti dé orí odi. Bàbá Ẹrínfọlámí, Alága wọn, arúgbó tó sọ ọmọ méjì nù lọ́dún Ìkún Omi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìbíwùmí, ta ló kọ ògbufọ̀ yìí?"

"Èmi ni, bàbá." Ohùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde rí tín-ín-rín bí ti òròmọdìẹ. Lórí odi, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ìlà rẹ̀?"

"Gbogbo ìlà rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Amòye, bí a ṣe ń ka ojúlé méjì pọ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi tún un kọ, mo sì lè ṣàlàyé rẹ̀."

"Ṣàlàyé rẹ̀."

Ó ṣàlàyé rẹ̀. Ó ṣàlàyé èyí tó tẹ̀ lé e. Ìlà ni wọ́n ń kà sí i láti òkè, ìdí ìlà ló ń fọ̀ láti ìsàlẹ̀, orí sì ń fọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́ kó lè yá. Àwọn aṣọ́di jókòó yí i ká, wọ́n ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò yé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fífi ọwọ́ kan òkúta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń mì, ohun tó sì ń ṣe nìyẹn.

"Bí ẹ̀rọ náà bá ń ké lásán ńkọ́?" ni ẹnìkan nínú Ìgbìmọ̀ bèèrè. "Bí imú rẹ̀ bá bàjẹ́?"

"A ó dìde lásán, sà. Ẹni tó dìde lásán á padà lọ sùn."

"Bí ó bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó ké?" Bàbá Ẹrínfọlámí ni. Ìbéèrè tirẹ̀ nìyẹn, ó ti ń gbé e kiri láti ọdún yẹn.

"Ògbufọ̀ kì í dúró de igbe nìkan, bàbá. Ó máa ń bi í nígbà gbogbo pé, 'Ṣé o wà níbẹ̀?' Bí kò bá dáhùn, agogo á dún. Bí ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ bá kú, Kókó ló máa lu agogo náà, torí mo ti ní kó máa retí rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kankan kò sí nínú rẹ̀ tí a lè ṣì mú fún àlàáfíà. Mo ti wá a kiri."

Ìbíwùmí fi orí ti ògiri irin, ó di ojú.

"Èmi náà ti kà á," ni Láyíwọlá wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sábẹ́ tirẹ̀. Ìbéèrè tí mo bi Amòye láàárọ̀ yìí kò tọ́. Mo ní kó mú ẹ̀rọ dákẹ́. Ìbíwùmí ló bi ẹ̀rọ náà pé kí ló ń pa á lẹ́kún."

"Ẹ so ó," ni Bàbá Ẹrínfọlámí wí.

Wọn kò rí ohunkóhun nísàlẹ̀. Wọ́n kàn gbọ́ nígbà tí híhu pọ́ńpù àtijọ́ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì le débi pé Akínṣọlá di igi ibùsùn mú. Agogo dún. Ẹ̀rọ náà ti ké. Gbogbo wọn ń dúró de èyí tí Kókó máa ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìró kan ti inú páìpù bọ̀, ó jinlẹ̀, ó ń ga sí i, atẹ́gùn tó tutù sì fẹ́ lu ojú wọn, ó gbé etí àwọn aṣọ tó wà lórí ìkọ́.

"Kókó ò tì í," ni Láyíwọlá wí lórí tẹlifóònù. "Ó ń wálẹ̀. Ojúlé kẹta ń wálẹ̀. Ó ku díẹ̀." Ó pẹ́ díẹ̀. "Ó ti wọ abẹ́ ààlà."

Agogo dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan lọ dúró sídìí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, wọ́n la ẹnu sí i bí ẹni tó ń mu omi. Sẹ̀gilọlá kò dìde. Ó mú ọwọ́ Ìbíwùmí, ó gbé e sórí itan ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

"Màmá mi náà ṣọ́ odi yìí," ni ó wí. "Ìsàlẹ̀ níbí ló kú sí. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó ní kí Ìbíwùmí lọ sùn, ọ̀nà ṣì jìn tí gbogbo wọn yóò jọ gòkè kí àwọn oníṣègùn lè yẹ̀ wọ́n wò.

Ó fún un ní ibùsùn tirẹ̀. Ìbíwùmí ti sùn kí ó tó fa aṣọ bò ó tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí àwọn yòókù ṣe ń palẹ̀ ẹrù fún gígòkè, agogo dún lẹ́ẹ̀kan, ṣókí. Gbogbo wọn dúró. Pọ́ńpù yára díẹ̀, ó wá dúró sí ibi tuntun tó rí náà, agogo sì dákẹ́. Sẹ̀gilọlá gbé tẹlifóònù.

"Ọ̀gá Láyíwọlá, kí nìyẹn?"

"Mo ń wò ó, mà." Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ̀rín sì ti wọ ohùn rẹ̀ nígbà tó dáhùn. "Kò sí nǹkan. Èémí àlòkù ló fi díẹ̀ pọ̀ ju iye tó ń retí lọ. Ó ti tún pọ́ńpù tò fún un."

Sẹ̀gilọlá wo Ìbíwùmí tó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, àyà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ó yé mi," ni ó wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà jí i. "Ó ti mọ̀ pé a ti di mẹ́wàá."